Ọ̀gágun Dúlína

Ìlú wa ní Áísíláǹdì, níbi tí a ti ń sá pańla, orúkọ lásán ni tọmọdé tàgbà fi ń pe ara wọn. Kò sí "ẹ̀yin," kò sí "ọ̀gá." Èyí ń dun Hallmar, alága ìgbìmọ̀ ìlú, A-rí-kámẹ́rà-fẹyín, tó gbà pé ó yẹ kí òkun pàápàá máa dọ̀bálẹ̀ kí òun.

Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ilé-ìwé wa máa ń dáhùn ìbéèrè láìkọ orúkọ: ta ló ń mutí, ta ló ń fagbó, ta ló ń rí òbí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó hàn kedere pé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá kì í sábà fẹnu kan ọtí. Bergrún, tó ń ṣe ìwádìí náà, ní kí a máa ṣí gbọ̀ngàn náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Hallmar ò gbà. Ó pe ìpàdé gbogbo ìlú, ó ní ká ti gbọ̀ngàn pa, ká fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ oníná pupa tí àwòrán òun wà lára rẹ̀, kí òun sì di Ọ̀gágun tí yóò gbógun ti oògùn olóró. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, torí ọmọ tèmi náà ń lọ síbẹ̀.

Ylfa, tí ọmọbìnrin rẹ̀ ò níbòmíì tó ń lọ, dìde. "Hallmar, ogun wo? Bọ́ọ̀lù làwọn ọmọ ń fẹ́."

"O ò ka ìwé ìbéèrè àwọn ọmọ dáadáa ni. Wọ́n béèrè nípa oògùn Dúlína níbẹ̀. Ṣé wọ́n á béèrè ohun tí ò sí ni?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ikú ni. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ kan ní èbúté. Ó dúdú, ó ń rùn."

Bergrún gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Ọwọ́ ara rẹ lo fi mú un?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì báyìí."

"Kò fi èékánná ya ọ́?"

"Báwo?"

"Ológbò mi ló ń jẹ́ Dúlína. Funfun ni. Kò sí oògùn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. A fi orúkọ rẹ̀ sáàárín ìbéèrè ká lè mọ òpùrọ́ ni. Ọmọ tó bá ní òun ti lò ó, a ó da ìwé rẹ̀ nù. A ti da tàwọn ọmọ nù, Hallmar. Tìẹ ló kù."

Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Ti Hallmar ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ológbò fi bá a.

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí gbọ̀ngàn wà ní ṣíṣí nawọ́. Ọwọ́ ìyàwó Hallmar ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ Ylfa pàdé Hallmar níwájú ilé búrẹ́dì. Ó rọra tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gágun Dúlína."

Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú wa dó, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a pè ní "ẹ̀yin."