Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ojú Omi Séverin

Ìgbà kẹta rèé tí Séverin ń kun ọkọ̀ náà lọ́dà.

"Ó tó, jàre!" Firmin ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo. "Ọ̀dà yìí ti nípọn ju pákó lọ!"

"Kí lo mọ̀? Bá a ṣe ń ṣe é nínú ọkọ̀ wa létí òkun nìyẹn. A jí, a kùn. A jẹun tán, a kùn."

"Ogun ńkọ́? Ìgbà wo lẹ ń jà?"

Séverin ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú garawa.

"Tí ọ̀dà bá gbẹ."

Ẹ̀rín ń pa èmi tí mò ń ròyìn!

Idigny ni wọ́n wà o, níbi tí àwọn obìnrin ti ń rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú kí wọ́n tó rí omi pọn lẹ́ẹ̀rùn. Rẹ̀mọ́ọ̀kì àtijọ́ tí katakata ẹgbẹ́ àgbẹ̀ máa ń fà ni wọ́n kan pákó yí ká, ló bá di ọkọ̀ ojú omi. Ilẹ̀kùn ńlá wà níwájú rẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣubú síwájú, ọkọ̀ ogun onírin á sì gba orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ogun tiwọn ni alùpùpù mọ̀bílẹ́ẹ̀tì Barnabé, délégé tó jẹ́ olórí abúlé. Wọ́n da apẹ̀rẹ̀ ràgàjì bò ó, wọ́n sì fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ṣe ẹnu ìbọn. Firmin ni yóò gùn ún.

Láti ọjọ́ tí Séverin ti ti ẹnu iṣẹ́ sójà ojú omi dé, kò ní ìtàn méjì lẹ́nu.

"Ọkọ̀ wa gbé ọkọ̀ ogun méje lẹ́ẹ̀kan náà! Àbùùbùtán rí i, ó yà fún un lọ́nà! Bó bá la ẹnu báyìí, ọ̀tá tó wà ní ìlú kẹta á tọ̀ sára!"

Gbogbo abúlé gbà á gbọ́, àfi ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó gbà á gbọ́: Ògúndìran, bàbá Agathe tí Séverin fẹ́ fi ṣaya.

"Ìwọ ọmọ yìí," bàbá náà wí, "wọ́n ní ọmọlanke pọ́ọ̀sì-pọ́ọ̀sì lò ń tì kiri lọ́jà nílùú òkè ọ̀hún. Wọ́n ní o ò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ kankan rí."

"Bàbá, irọ́ ni o! Mo wọ ọkọ̀! Ọdún méjì gbáko!"

"Ó dáa. Kan irú ọkọ̀ náà, kí o gbé e jáde ní Kétu lọ́jọ́ àjọ̀dún Ìyípadà ìjọba, kí n rí i. Bí mo bá rí àrídájú pé o wọ ọkọ̀ rí, Agathe di tìrẹ. Bí n kò bá rí i, ọkùnrin kan ní Odomèta ti gbé iṣu wá kí mi lẹ́ẹ̀mejì."

Séverin ò sùn mọ́. Ọ̀dà ló ń kùn.

Ọjọ́ pé. Kétu kún fọ́fọ́, wọ́n ń ké igbe Ìyípadà:

"Ehuzu!"

"Dandan!"

Ọ̀dọ́ mẹ́jọ fi okùn fa ọkọ̀ dé òkè, Firmin àti mọ̀bílẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ lọ sí abẹ́ àtíbàbà tí àwọn èèyàn pàtàkì jókòó sí. Wọ́n fi òkúta há táyà.

Ìgbà náà ni Séverin rí bàtà kan lábẹ́ àtíbàbà. Bàtà funfun báláú, nínú erùpẹ̀ pupa Kétu! Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Ṣòkòtò funfun. Fìlà funfun. Ọ̀gá sójà ojú omi tòótọ́, àlejò láti etí òkun.

Séverin yára kọ ẹ̀yìn sí i.

"Firmin, ṣáná sí i!"

Pẹ-pẹ-pẹ-pẹ-pẹ!

Séverin nàró gbọnrangandan. "Ọkọ̀ gúnlẹ̀! Ilẹ̀kùn, ṣí!" Ó tú okùn ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ò mira.

Ó fà á. Ó gbá a. Ó fi èjìká tì í. Ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ti lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa, bí ẹ̀kọ tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín pákó.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn o!" Firmin ń ké nínú lọ́hùn-ún. "Mo ti ń di ẹja yíyan o!"

"Fara dà á, kamaráàdì!" Barnabé dáhùn lábẹ́ àtíbàbà. "Má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe mọ̀bílẹ́ẹ̀tì mi!"

Ni Firmin bá fún un níná. Wọ̀ọ̀ọ̀ọ̀! Ó forí sọ ilẹ̀kùn.

Gbàgà!

Ilẹ̀kùn ò ṣí. Òkúta ló yẹ̀ lábẹ́ táyà.

Ọkọ̀ bá ń lọ! Gìrìgìrìgìrìgìrì! Séverin ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pariwo "Dúró!" bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Délégé fò sọ́tùn-ún, olórí àgbègbè fò sósì, àga ń fò láàárín wọn.

Gbììì! Ọkọ̀ forí gbá òpó àtíbàbà. Òpó kán. Aṣọ àtíbàbà bo gbogbo wọn.

Ilẹ̀kùn ò ṣí.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló já! Ọkọ̀ náà fi ìdí bí Firmin sílẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, apẹ̀rẹ̀ lọ́rùn, ìbọn ìbẹ́pẹ ti ká. Ó gbọ́wọ́ sórí, ó kí àwọn tó wà lábẹ́ aṣọ: "Ehu... ehu... ehuzu!"



Ọ̀gá bàtà funfun yọ jáde lábẹ́ aṣọ. Bàtà ti pupa. Ó lọ síbi ilẹ̀kùn, ó fi èékánná ha ọ̀dà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kàn án: kó, kó, kó.

"Ta ló kan ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá," Séverin wí, ohùn rẹ̀ bí ti ẹ̀fọn.

Omi lé ròrò lójú ọ̀gá. Ó dì mọ́ Séverin.

"Ọkọ̀ wa gan-an nìyí! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ò ṣí rí! Ẹni tí ò bá gbé inú rẹ̀ ò lè mọ̀ ọ́n ṣe báyìí láéláé!"

Ògúndìran sún mọ́ wọn. "Ọ̀gá, ẹ dákun. Àwọn ọkọ̀ ogun méje tó gbé ńkọ́?"

"Méje? Bàbá, ọkọ̀ náà ò kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́ rí. Áà, ó kúrò lẹ́ẹ̀kan."

"Ó lọ jagun?"

"Okùn ló já."

Ògúndìran wo Séverin. Ó wo Agathe, tó ti fi ìborùn dí ẹnu, tí ẹ̀rín ń mú èjìká rẹ̀ gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀.

"Ó wọ ọkọ̀ lóòótọ́," bàbá náà wí. "Àna mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, gbogbo ará Idigny! Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì nítòsí ilẹ̀kùn ilé mi, ẹ tètè wá jí mi. Inú ilé ni mò ń sùn!"