Ìyẹ̀fun Gàgàrà

Kò sí ilẹ̀kùn kan ní gbogbo Àbújá tí Dókítà Babátọ́pẹ́ lè gbà kọjá láì tẹrí ba. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn ń kàn án lórí o. Tí ẹ bá gbé ọmọ ọdún mẹ́ta lé e léjìká, àyè á ṣì kù. Àmọ́ bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á dúró díẹ̀, á di fìlà mú, á tẹrí ba, á wá kọjá bí ẹni tó ga ju ilé lọ.

Babátọ́pẹ́ Gàgàrà! Agùn-lójú-ara-rẹ̀! Oníbàtà gogoro, onífìlà bí òrùlé! Ẹ má bi mí níbi tó ti kàwé dókítà. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní ìwé ẹ̀rí òun tóbi ju gbogbo àpótí tí òun ní lọ.

Ìyẹ̀fun kan tó pè ní Gàgàrà ló ń tà, inú agolo aláwọ̀ ewé ló wà. Ó ní ṣíbí kan péré máa ń mú eegun àgbàlagbà gùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: á wọ̀n yín nírọ̀lẹ́, ẹ ó mu ṣíbí kan, ẹ ó lọ sùn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dìde títí òun á fi dé ní kùtùkùtù. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, ó ti na tépù. Háà! Ẹ ti ga sí i!

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti mu agolo mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí tépù kọ́kọ́ sọ pé mo ti ga, mo pe ìyàwó mi nílé ní Dutse Alhaji, mo ní kó sọ fún télọ̀ kó má tíì gé ṣòkòtò mi.

Tèmi kọ́ ló dùn mí, ti Màmá Adétáyọ̀, àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, ni. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn kán. Àwòrán tí wọ́n yà fún wọn nílé ìwòsàn fi hàn pé inú eegun wọn ti lu wínníwínní bíi kànrìnkàn. Wọ́n fún wọn ní oògùn kan tí wọ́n ń lò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á fi omi gbé e mì, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má baà dá egbò sí wọn lọ́fun. Láti ìgbà náà, kò tún sí eegun tó kán. Àmọ́ Màmá ti kúrú. Ìró wọn ń wọ́lẹ̀, ó sì ń dùn wọ́n, torí "Ìyá Gíga" ni gbogbo wa ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀.

Dókítà gbọ́ èyí, ó fọwọ́ pa fìlà.

"Màmá, tilé ìwòsàn ní kẹ́ ẹ nàró láàárọ̀. Tèmi ní kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ ẹ̀ lè ṣe méjèèjì. Ẹ gbé tìyẹn sọnù!"

Màmá gbé e sọnù. Ọmọ ọmọ wọn, Shalom, tó wà lọ́dún kejì nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àbújá ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ máa ń pa wá lẹ́rìn-ín.

"Màmá, please, ẹ má stop drug yẹn. Tẹ́ ẹ bá tún ṣubú, hip yín lè break o. Ẹ lè má rìn mọ́."

"Shalom, mo ti ń ga. Dókítà wọ̀n mí láàárọ̀."

"Kí ló dé tó jẹ́ àárọ̀ nìkan ló máa ń wọ̀n yín?"

Màmá fa ìró wọn sókè. Èmi jókòó sí tòsí, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì kúrò lọ́kàn mi.

Ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa bọ́ sí ilé àlejò kan ní Abaji, láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. A ti fẹ́ fi Dókítà joyè Atúneegun-ṣe. Ó dé, ó tẹrí ba ní géètì tí ọkọ̀ tírélà ń gbà wọlé. Ó tò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbọ̀ngán, ó ń fi bíírò sàmì síbi tí orí oníkálukú dé. Ó wọn ara rẹ̀ náà. Shalom ní kó bọ́ bàtà, kó ṣí fìlà, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù nìyẹn. Nǹkan tó kù nílẹ̀ ò pọ̀. Shalom tún bẹ̀ ẹ́ pé kó wọn Tàófíìkì, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì wa, tó ní òun ò ní mu ìyẹ̀fun kankan.

Àwa yòókù mu ṣíbí kọ̀ọ̀kan, a lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa ga ju àmì wa lọ. Gbọ̀ngán ń hó. Dókítà pàápàá ti ga sí i. Shalom kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tẹ́ ẹ bá tún mu ṣíbí mẹ́ta báyìí ńkọ́? Ṣé ẹ máa tún ga sí i kó tó di ìrọ̀lẹ́?"

Ẹni tó bá gbọ́n á wúkọ́, á kọjá lọ. Dókítà wo gbogbo ojú tó ń wò ó, orí rẹ̀ wú.

"Ṣíbí mẹ́ta? Wọ́n máa wá gbé òrùlé yìí sókè ni!"

Ó mu ún lójú wa. Látìgbà náà, kò jókòó. Ó ń rìn kiri, ó ń kí tọ̀tún tòsì, kí gbogbo ayé lè rí gíga.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá, gbé ìwé oyè dání. Ni Shalom bá fa tépù yọ.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn Dókítà."

"Rárá o!" Dókítà fò sókè. "Tẹ́ ẹ bá wọn èèyàn lẹ́ẹ̀kejì lójúmọ́, agbára ìyẹ̀fun máa sá!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ òrùlé láàárọ̀," Màmá sọ láti orí ìjókòó wọn. "Ẹ jẹ́ ká rí i."

"Ẹ bọ́ bàtà!" gbogbo gbọ̀ngán pariwo.

Ó bọ́ bàtà, ó ṣí fìlà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Pẹ̀lú ṣíbí mẹ́ta nínú, orí Dókítà dọ́gba pẹ̀lú àmì ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Gbogbo ohun tó fi ga láàárọ̀ ti lọ.

"Ògiri yìí ló ń wú," ó ní.

Shalom wọn gbogbo wa. A ti kúrú padà. Tàófíìkì náà, tó ga láàárọ̀, ti kúrú padà.

"Kai! Èmi ò mu nǹkan kan o!" Tàófíìkì ké. "Ìrẹsì ni mo jẹ!"

"Láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn wa," Shalom ní, "nǹkan kan wà bíi tìmùtìmù, omi wà nínú ẹ̀. Tá a bá dúró, tá a bá ń rìn, body wa máa ń tẹ omi yẹn jáde. Tá a bá sùn, omi á padà. So, everybody máa ń ga díẹ̀ láàárọ̀. Eegun àgbàlagbà ò lè gùn mọ́. Ibi tó ti ń gùn ti dí látìgbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá rẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Èmi ń ro agolo mẹ́ta mi. Oorun tí mo lè sùn lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo ń fowó rà! Ojú tì mí gan-an.

Màmá rọra dìde.

"Dókítà, ọ̀la ni Àìkú. Ṣé kí n nàró ni, àbí kí n dùbúlẹ̀?"

Dókítà wo ilẹ̀. Ohùn tó fi dáhùn kéré ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ẹ nàró, Màmá."

"Shalom, oògùn mi dà?"

"Ó wà nínú báàgì mi, Màmá. Mo ti yọ ọ́ nínú dustbin látijọ́ yẹn."

Màmá di ọwọ́ ọmọ náà mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀. Alága ká ìwé oyè sápò. Dókítà dé fìlà, ó kó àwọn agolo rẹ̀ mọ́ àyà, ó gbé bàtà gogoro há abíyá, ó forí lé ọ̀nà.

"Ẹ rọra o, Dókítà!" Màmá pè é. "Ẹ má forí gbá ilẹ̀kùn!"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, àwọn kan sì ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Kò dúró, kò di fìlà mú. Ó gba ibẹ̀ kọjá láì tẹrí ba.