Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Lórí Ojú Tuntun

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi wọlẹ̀. Ọjọ́ tí Alhaji Làmídì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, wá kí wa láti Houston ni.

Ojú òsì mi ti lọ tipẹ́. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti di bàìbàì bíi gíláàsì tí ooru omi gbígbóná bò. Awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú ló ń wú. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìwó, irú rẹ̀ ṣe Bàbá Tìjání. Ewé ni wọ́n ń kán sí i títí tó fi fọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ayé ti lajú. Dókítà Mẹ́ndósà ní wọn ò ní í rán odindi awọ mọ́ mi lójú bíi ti àtijọ́. Ìpele kan péré, tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, ni wọ́n mú lára ojú ẹni tó ti kú. Wọ́n tì í bọ inú tèmi, wọ́n sì fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́ rẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ òkè.

Rúkáyátù ọmọ mi ló túmọ̀ ìyókù: "Daddy, ọjọ́ mẹ́ta lẹ máa fi fẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo àjà. Ẹ ò gbọdọ̀ doríkodò o!"

Nítorí Ṣìfáwù ìyàwó mi ni mo ṣe gbà kíákíá. Kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà tirẹ̀ sì ti ní ká máa gbé e lọ sílé. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò ti rí ojú rẹ̀ kedere. Mo fẹ́ rí i kó tó lọ.

Wọ́n bá tẹ́ wa sínú yàrá kan náà nílé wa ní Edgewater, ní Amẹ́ríkà níbí, èmi àti òun, bí ẹja pańla méjì lórí àtẹ. Lọ́jọ́ kìíní, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ mu ògì, ìlàjì rẹ̀ sì gba etí mi wọlé. Ṣìfáwù rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní, "Bàbá Rúkà, ṣé etí ni wọ́n fi ń mu ògì ní Amẹ́ríkà ni?"

Àdúà ńkọ́? Aáfà Sùlè ní aláìsàn lè kírun lórí ìdùbúlẹ̀, ni mo bá ń fi ìpéǹpéjú ṣe rúkúù, dípò kí n tẹ̀ba. Mo tún ń yin ara mi pé mo gbọ́ràn.

Lọ́jọ́ kejì ni Alhaji Làmídì dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ṣòkòtò mi fún, mi ò sì dọ̀bálẹ̀ délẹ̀. Alhaji ní ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó já bọ́ ni. Ogójì ọdún ló fi ń sọ ọ́ kiri. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ara mi ò bi mí léèrè. Mo yọ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo nà gbalaja, mo kan iwájú orí mọ́ káàpẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mi ò forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, mo fi kanlẹ̀ fún àna!

"Ẹ káàbọ̀ o, sà!"

"Ojú yín!" Ṣìfáwù ń pariwo. "Bàbá Rúkà, ojú yín o!"

"Jẹ́ kó kí mi dáadáa, jàre," ni Alhaji wí. "Ogójì ọdún ni mo ti ń retí ẹ̀."

Nígbà tí mo fi máa dìde, gbogbo ayé ti funfun bí ẹ̀kọ. Rúkáyátù fi mọ́tò gbé mi sáré padà sí ọsibítù.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Dókítà béèrè.

"Ó ń kí àna rẹ̀ ni," Rúkáyátù dáhùn.

"Nílẹ̀?"

"Nílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì Glóríà béèrè bóyá a kì í bọ ara wa lọ́wọ́ ní ìlú wa. Awọ náà ti ṣí, ó ti ká jọ. Wọ́n tún fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó di ọjọ́ mẹ́ta mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣìfáwù, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣìfáwù ò dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí mímí rẹ̀ yí padà. Mo na ọwọ́, mo di tirẹ̀ mú.

"Ẹ má yíjú o," ló wí. "Ẹ máa wo àjà."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kí wọ́n tó gbé e lọ, Alhaji ṣí aṣọ funfun kúrò lójú rẹ̀ fún mi. Kùrukùru nìkan ni mo rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ojú mi là. Mò ń ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì láti òkèèrè báyìí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, bí ọba wọlé, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi kí i. Ẹni tó bá máa bínú, kó bínú; ojú tirẹ̀ kọ́ ló máa fọ́.

Fọ́tò tí mo ní ti pẹ́, ni mo ṣe ń bi àwọn èèyàn bí ojú Ṣìfáwù ṣe rí níkẹyìn. Rúkáyátù ní ó ti rù. Mo bi Alhaji náà lórí fóònù. Ó ní, "Lọ́jọ́ tó o nà sílẹ̀ yẹn, bó ṣe ń pariwo náà ló ń rẹ́rìn-ín." Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì rọra nu ojú kan tó kù.