Ó Ti Hó

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ogójì ọmọ ló yẹ kó mu wàrà sóyà lẹ́yìn ìsìn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìlúpéjú-Èkìtì. Ìbíjọkẹ́ ló ń sè é lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ ọ ní sóyà, ó sì fi ìdajì ẹ̀kọ́ náà sùn. Moyinolúwa, ọmọ rẹ̀, wà lára ogójì náà. Ìyá ti ṣèlérí pé tirẹ̀ ni ife àkọ́kọ́.

Bàbá Festus Oyèbánjí, alága ẹgbẹ́ àwọn bàbá nínú ìjọ, yọ láti ẹ̀yìn igi máńgòrò, fóònù lọ́wọ́. Ó máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i lórí wáásáàpù. Kò ka ìwé àlàyé inú páálí oògùn ara rẹ̀ rí.

"Kí lò ń sè, Ìyá Moyin?"

"Wàrà ni, Bàbá."

"Kò sí ìdí fún wàrà-wàrà. Máa ṣe é jẹ́jẹ́. Mo ní kí lò ń sè."

"Wàrà sóyà. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe é."

Etí òsì Bàbá Festus ti wúwo láti ọdún tó kọjá. "Ẹwà?" ó wí. "Ṣé o ò rí i? Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹwà bá ti dé ara ọkùnrin, ọmú ló ń tẹ̀lé e."

Ó wá kà á jáde nínú fóònù pé sóyà ń sọ ọkùnrin di obìnrin: àyà á rọ̀, ohùn á tín-ín-rín, irùngbọ̀n á sá lọ. Ó ní kí àwọn ọmọbìnrin máa mu ún, kí àwọn ọmọkùnrin mu omi. Ìbíjọkẹ́ wo àyà Bàbá Festus, níbi tí ẹran méjì ti dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù funfun.

"Bàbá, ta ló ti ń fún yín ní sóyà mu látọjọ́ yìí?"

"Uṣẹ́ iyán nìyẹn," ni Bàbá Festus wí, ó sì fa ẹ̀wù jọ.

Ìbíjọkẹ́ náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mọ̀. Ó ní sóyà ń wo ojú sàn, ó ń wo orúnkún sàn, ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà, ọmọ tó bá sì mu ún á gba ipò kìíní. Bàbá Festus sún mọ́ ọn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bèèrè bóyá ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Ẹ da oògùn yẹn nù, Bàbá."

Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìdó, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà, kọjá lójú títì. Kò sí ẹni tó dá a dúró nínú àwọn méjèèjì láti lọ bèèrè. Ife sóyà kò tíì sọ ọkùnrin kankan di ìyá ọlọ́mọ, kò sì tíì rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù wà lórí ààrò níwájú wọn: sóyà tí kò jinná a máa da inú rú.

Agogo ìsìn dún. Ìfófó funfun ru sókè, ó dé ẹnu ìkòkò.

"Ó ti hó," ni Ìbíjọkẹ́ wí, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ó ti hó lóòótọ́," Bàbá Festus jẹ́rìí.

Sóyà kì í dúró kó jinná kó tó hó. Bí ó bá hó, à á dín iná kù, à á máa rò ó, à á jẹ́ kó pẹ́. Ìdajì tí Ìbíjọkẹ́ fi sùn nìyẹn.

Kí àríyànjiyàn lè parí, ó bu ife kan fún Bàbá, ó bu ọ̀kan fún ara rẹ̀. Bàbá Festus fi ọwọ́ òsì di àyà mú, ó fi ọ̀tún mu tirẹ̀. Ó ní ó ń rùn bíi koríko, ṣùgbọ́n kò burú. Bí ọmú kò bá tíì yọ kí ìwàásù tó parí, kí tọkùnrin tobìnrin máa mu.

Wọ́n wọlé sí ìsìn, ṣùgbọ́n ìwàásù kò parí lójú wọn. Ìbíjọkẹ́ ló kọ́kọ́ dìde, ó ń rìn bí ẹni tó fi itan gbé ẹyin. Nígbà tí Bàbá Festus máa fi dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti tì.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ṣé ọmú ti dé?"

"Ìsàlẹ̀ ló gbà wá. Jáde nínú ulé yẹn."

"Ẹ ṣe sùúrù."

"Èmi lè ṣe é. Inú mi ni kò lè ṣe é."

Orin ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ife ló kàn. Ìbíjọkẹ́ gbọ́ ohùn Moyinolúwa láàárín ti àwọn yòókù, ó ga ju tiwọn lọ. Ó wá yé e pé ohun tó ń jà nínú òun ló kún inú ìkòkò.

"Bàbá, ẹ sáré lọ dí àwọn ọmọ lọ́wọ́."

"Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ̀wù funfun yìí á pàwọ̀ dà."

Ó jáde fúnra rẹ̀, kò tíì ṣe tán. Bàbá Festus ti wọlé kí ó tó jáde délẹ̀. Ìbíjọkẹ́ fi ọwọ́ di ìró mú, ó sáré dé ìdí ìkòkò bí àwọn ọmọ ti ń tú jáde, kò sì rí ọgbọ́n mìíràn dá ju kó jókòó lé ọmọrí rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ yí i ká pẹ̀lú ife. Moyinolúwa ló wà níwájú.

"Màámi, ife àkọ́kọ́."

Ìyá rẹ̀ kò dìde.

Nígbà tó yá, Bàbá Festus dé, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"O ní ó ti hó."

"Ó hó, Bàbá. Ṣebí ojú yín ló ṣe."

"Ọṣẹ náà ń hó, Ìyá Moyin. Ta ní ń mu ún?"

Ìwọ tí ò ń ka èyí, má rẹ́rìn-ín. Lọ sí ìdí ààrò rẹ, ṣí ìkòkò, kí o sì dáhùn kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó gbé ife dé: ṣé ó hó ni, àbí ó jinná?