Òfin Tó Dá Ọ̀gá Kẹ́lídọ̀n Sí ní Ìdí-Obì

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin géńdé tí ẹ ń gbé àga Bàbá Ajítòní lọ sí ààtàn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Ẹ má gbé e débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹmu tí ẹ yà mu lọ́nà ló kó àga náà yọ. Ẹ gbé e padà sílé fíìmù kíá.

Ẹ gbọ́ o! Tọmọdé tàgbà Ìdí-Obì, ẹ gbọ́ o! Baálẹ̀ ló rán akéde níṣẹ́. Akéde kò fi tiẹ̀ kún un. Èyí tó bá jọ ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lóko láti ọjọ́ Sátidé, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Ajítòní. Òun ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n nílé fíìmù wa, tó ń fi Yorùbá sọ ohun tí àwọn òyìnbó ń wí fún wa. Fíìmù kan ló fẹ́ràn ju gbogbo fíìmù lọ. Òun ni èyí tí ọkọ̀ gba ẹ̀yìn òṣùpá kọjá, tí Ọ̀gá Kẹ́lídọ̀n ń wà á. Ọdọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, a óò wò ó. Apá kìíní, apá kejì, apá kẹta. Ní ìparí apá kẹta, ọkọ̀ Ọ̀gá a fọ́ yángá. Bàbá Ajítòní a ní Ọ̀gá ṣì wà láàyè. Àwa a pàtẹ́wọ́, a ó lọ sùn.

Ọjọ́ Sátidé ni Ìbídùn, ọmọ Olóyè Ọ̀tún, ti Ìbàdàn dé. Ó mú àwo fíìmù kan náà wá, èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá sí gbogbo òyìnbó lẹ́nu. Ire ló rò. Ó ní kí Bàbá lè sinmi ọ̀fun. Wọ́n fi àwo sí i. Wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè. Apá kìíní dùn. Apá kejì dùn. Nígbà tí apá kẹta yóò fi parí, Ọ̀gá Kẹ́lídọ̀n kú. Ó kú ní Yorùbá tó já gaara. Àwọn èèyàn rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ó ti kú.

Ilé fíìmù dàrú. Ìyá Kẹ́lí, aránṣọ, tó sọ ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ní Kẹ́lídọ̀n, dìde dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan kan mọ́. Ó ní kí wọ́n sọ fún òun, orúkọ ta ni òun sọ ọmọ òun? Àwọn géńdé ní Bàbá ti ń pa irọ́ fún àwọn láti kékeré. Wọ́n ní àga rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò.

Bàbá Ajítòní kì í ṣe aláròyé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, ó yọ ìwé kan lápò. Ìwé tí wọ́n kọ láti inú fíìmù náà ni. Èrò ọkọ̀ ojú irin kan ló gbàgbé rẹ̀ sórí ìjókòó nígbà kan, ó sì ti gbó. Ó ní òun kò purọ́. Ó ní kí wọ́n tó ya fíìmù náà tán ni wọ́n ti fún ẹni tó kọ ìwé náà níṣẹ́. Nígbà tó ń kọ ọ́, Ọ̀gá Kẹ́lídọ̀n ṣì wà láàyè. Àwọn tó ń ya fíìmù ló yí ọkàn padà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n pa á kí iṣẹ́ lè tètè parí.

Ó ní, “Baálẹ̀, nínú èmi àti àwọn tó ya fíìmù, ta ló purọ́?”

Ìbídùn ló kúnlẹ̀.

“Bàbá, mi ò ní ẹ ò kà á,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ohun tá a jọ ń wò kọ́ nìyẹn.”

Bàbá ti ìwé bọ àpò. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà dùn ún, nítorí kò rí àléébù kan nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, wọn kò sì fẹ́ràn fíìmù ojú sánmà. Bí wọ́n bá gba àga yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà mọ́ láyé.

Baálẹ̀ dájọ́. Ó ní ní ọ̀sán òní, kí wọ́n fi àwo Ìbídùn sí i, kí wọ́n pa ohùn rẹ̀, kí Bàbá sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Bó bá lè sọ ọ́ síwájú ẹni tó ti mọ̀ pé Ọ̀gá kú, àga di tirẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, ó di ààtàn.

Ẹ̀yin géńdé kò tiẹ̀ dúró. Ẹ ti gbé àga kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Akéde rí yín.

Ẹ gbọ́ o! Kí a tó dé ibi tó le, ẹ jẹ́ ká yanjú òfin kéékèèké. Òfin kìíní ló wúwo jù, akéde fi í sẹ́yìn.

Òfin kejì! Ó kan bèbí oníke tí wọ́n ṣe bí Ọ̀gá Kẹ́lídọ̀n. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi àpá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni Bàbá ní ó wà. Kí oníkálukú gbé tirẹ̀ wá, wọn yóò fi ìṣó gbígbóná tún un ṣe. Ẹni tó bá fi bèbí pamọ́ sínú páálí, tí kò jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án, tó ní yóò níye lórí lọ́la, òun náà yóò wà nínú yàrá láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì. Ojú fèrèsé ni wọn yóò ti gbé oúnjẹ fún un. A óò máa wá wò ó. A kò ní fọwọ́ kàn án. Olóyè Ọ̀tún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

Òfin kẹta! Fíìmù náà kò ní apá kẹrin. Kò ní i. Wọn kò ṣe é. Ẹni tó bá ní òun ti wò ó, kó wá sọ ìtàn rẹ̀ fún Baálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó yé Baálẹ̀. Àwọn méjì ti gbìyànjú. Wọ́n ṣì ń sinmi.

Òfin kẹrin! Ẹni tó ti ka ìwé kò gbọdọ̀ sọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Ẹni tí kò kà á kò gbọdọ̀ sọ pé bákan náà ni ìwé àti fíìmù. Ẹni tó bá rú u yóò jókòó síta, ara ògiri ni yóò ti máa gbọ́ fíìmù. Ìwé tó gbé àwòrán ọkọ̀ síwájú, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ méjì ló kún inú rẹ̀, kí wọ́n fi máa di ẹ̀pà.

Òfin karùn-ún! Ẹni tó sọ ajá rẹ̀ ní orúkọ ọ̀tá Ọ̀gá, kó má pè é wọlé nígbà tí fíìmù bá ń lọ lọ́wọ́. Ọmọdé ń sá.

Ó wá ku òfin kìíní.

Ní ọ̀sán òní, ilé fíìmù kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pa ohùn. Bàbá Ajítòní wà lórí ìdúró, kò sí àga. Ó sọ apá kẹta bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò mì. Ọkọ̀ Ọ̀gá fọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ kóra jọ síwájú rédíò, wọ́n ń sunkún. Ibẹ̀ ni Bàbá ti máa ń fi ohùn Ọ̀gá sọ̀rọ̀ láti inú òkùnkùn.

Ó la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Ó wo Ìbídùn. Ó wo Ìyá Kẹ́lí. Ó rí i pé kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sì ń wá ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kó lè máa lọ sílé.

Láti ẹ̀yìn ni Ìyá Kẹ́lí ti sọ̀rọ̀. Ó mú ohùn rẹ̀ ki bí ti ọkùnrin, ó sọ ohun tí Bàbá máa ń sọ níbẹ̀.

“Ẹ má sunkún. Mo rí iná yín láti ibí.”

Ẹnì kan lápá ọ̀tún ní, “Ẹ gbé omi kaná dè mí.”

Gbogbo ilé bá gbà á lẹ́nu wọn: “Mo ń bọ̀. Ọ̀nà ló jìn.”

Ìbídùn bá wọn sọ ọ́. Baálẹ̀ náà bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí akéde má kéde ìyẹn. Bàbá Ajítòní dúró. Ó ń fi etí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn fún.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o! Òfin kìíní! Ọ̀gá Kẹ́lídọ̀n kò kú ní Ìdí-Obì. Kò kú. Kò kú. Bó bá kú ní Ìbàdàn, ti Ìbàdàn nìyẹn. Ẹni tó bá tún sọ pé ó kú láàárín ìlú yìí, òun ni yóò ra pósí, òun ni yóò gbẹ́ ilẹ̀, òun náà ni yóò sì lọ gbé òkú rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn òṣùpá.

Akéde ti jíṣẹ́ Baálẹ̀. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó ń sùn. Ẹni tí kò gbà, kó tọ Baálẹ̀ lọ, kó má tọ akéde lọ. Agogo ti dákẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí akéde ti ké èyí, àwo Ìbídùn ṣì wà nílé fíìmù. Yorùbá tí wọ́n fi sí i ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún yí ohùn rẹ̀ sókè.