Olúṣínà Fọ́nnu Ánímè Nílé Àna

Ẹ bá mi wo Olúṣínà ará Chadwell Heath ní London. Kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí bí ẹ bá bi í. Bí ẹ ò bi í gan-an, á ṣáà sọ fún yín. Ti ánímè, ìyẹn kàtúùnù àwọn ará Japan, ló wá burú jù. Á máa fi àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé e jáde joyè káàkiri: "Hoshi Lane lọ̀gá! Kumo Bay? Pàǹtí!" Ó ní gbogbo páálí fíìmù tí Hoshi Lane tà rí ló kún ilé òun.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ fojú han àwọn òbí Dárasími àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ní Dagenham East, ọmọbìnrin náà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, sọ̀rọ̀ òjò. Má sọ̀rọ̀ ánímè." Bí àwọn òbí bá ti gbà, ìdána di oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni Olúṣínà ti ń dúró de ọjọ́ yìí.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n gbé ìrẹsì fún un. Ó pa ẹnu mọ́ fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin! Àfìgbà tí Alàgbà Adégbọlá, bàbá Dárasími, bi í pé kí ló máa ń ṣe bí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀.

"Daddy, ánímè ni! Kumo Bay ló fẹ́ bà á jẹ́. Ẹ gbọ́ ohùn àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi Òyìnbó sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀! Àjẹ́ odò kan wà nínú fíìmù wọn tuntun, ohùn ìyá yẹn dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù!"

Dárasími ta á nípàá lábẹ́ tábìlì. Olúṣínà rò pé eré ìfẹ́ ni, ló bá sín ewúrẹ́ náà jẹ.

Màmá Dárasími gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n wúkọ́ díẹ̀. "Olúṣínà, ọmọ mi, ṣé kí n bu ẹran sí i?" Ohùn àjẹ́ odò gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́.

Yéè! Odindi Ìyá Àdúrà! Nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn ò ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àjẹ́ ni wọ́n ń ṣe jẹun.

Olúṣínà ti wà nílẹ̀. "Mummy, ẹ má bínú! Hoshi Lane ni mo fẹ́ sọ! Àwọn gan-an ni pàǹtí! Afọ́jú ló ń di páálí wọn!"

"Èmi ni mò ń dì wọ́n," Alàgbà Adégbọlá dáhùn. "Ọdún kẹsàn-án rèé."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Ti Olúṣínà fọ́ tán, ó tún ń dín in.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń wò! Daddy, páálí yín ló kún ilé mi! Fíìmù Mummy, ẹ̀ẹ̀mẹfà! Ẹ wò ó, ó wà lórí fóònù mi!" Ó yára tẹ fóònù, ó nà án sí Alàgbà. Àjẹ́ odò yọjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpolówó tẹ́tẹ́ bò ó dé ọrùn, torí ibi tí àwọn olè ń kó fíìmù onífíìmù sí ni Olúṣínà ti ń wò ó.

Alàgbà gbé awò sójú, wọ́n ka ohun tó wà lókè ojú fóònù síta: "'Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Má san kọ́bọ̀.' Páálí tó kún ilé ńkọ́?"

Olúṣínà ń wo ìrẹsì. Ìrẹsì náà ń wò ó.

Alàgbà rọra dá fóònù padà fún un. "Ọmọ mi, Mummy fi ọ̀fun ṣiṣẹ́, o wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi ẹ̀yìn gbé páálí, o ò ra ẹyọ kan. Dárasími tí a jọ bí yìí wá ńkọ́, níbo lo ti fẹ́ dáńlóòdù ẹ̀?"