Ìgò Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògiri-Ò-Lanu

Ẹ bá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògiri-Ò-Lanu, ọkọ kámẹ́rà, ẹni tó máa ń ya irun kó tó yojú wo sẹ́ẹ̀lì!

Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn o. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú ọyàn tó dà bí ògiri; àwọn purotéènì ló hun ún. Jẹjẹrẹ tí ò bá tíì dá a lu, ojú kan ló wà. Tó bá ráyè kọjá, ó lè dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè dé egungun. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun ti rí oògùn tí kò ní jẹ́ kí ògiri yìí lanu láéláé. Ẹnu tirẹ̀ nìkan ni kò rí oògùn fún.

À bá máa rẹ́rìn-ín lọ, bí kì í bá ṣe ti àbúrò ìyá rẹ̀. Kókó wà lọ́yàn ìyá náà, oníṣẹ́-abẹ sì ti ní kó tètè wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sọ̀yà: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kàn yín, Màámi. Ẹ dúró de tèmi. Ẹ̀yin ni mo máa fi han ayé." Èmi tí mò ń bá a ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí rẹ̀, ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ àfihàn pé, gbọ̀ngàn kún, ìyá náà sì wà níjòókòó iwájú. Purotéènì ògiri wà nínú ìgò kékeré, nínú yìnyín. Ọ̀jọ̀gbọ́n máa dà á sínú abọ́, kó di ògiri lójú gbogbo wa, kó tó da oògùn rẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lé e.

"Tó bá ti móoru, ó dì nìyẹn," ló wí. "Ẹni tó bá yọ ọ́ nínú yìnyín kó tó yá, ọ̀dẹ̀ ni. Ìran ọ̀dẹ̀ ni!"

Ni kámẹ́rà bá dé. Ó yọ ìgò, ó gbé e sókè, ó yí ẹ̀gbẹ́ ojú tó dára jù sí kámẹ́rà. Ó dì í mọ́wọ́ pinpin, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbà tó wà lọ́mọdé.

Mo ní, "Ọ̀gá, yìnyín ńkọ́?"

"Ṣé o ò rí i pé wọ́n ń yà mí ni?"

Nígbà tí ìtàn parí, ó da ìgò délẹ̀ sórí abọ́. Nǹkan kan ò kán. Ó mì ín. Ó gbá a nídìí. Kinní ọ̀hún ti dì gbagidi sínú ìgò. Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu sílẹ̀.

"Ògiri ti lanu o!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá náà dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. "O ní ìran ọ̀dẹ̀, àbí? Ìran wa kọ́ o. Ìwọ nìkan ni."

"Màámi, níbo lẹ̀ ń lọ? Wọn ò tíì yà wá pọ̀!"

"Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́-abẹ. Òun ò ní kámẹ́rà."